Ibi tí mo fẹ́ bá ara mi ní ìgbésẹ̀ kejìlá

Ìbéèrè tí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ta ṣẹ́ẹ̀sì máa ń bi gbogbo ayé ni pé ìbẹ̀rẹ̀ eré wo ló dára jù. Èmi náà bi àwọn èèyàn títí ó fi sú wọn. Ẹnì kan á ní Sicilian ni, ẹlòmíì á ní ìbẹ̀rẹ̀ Spéènì ni gbogbo àgbà gbà kọjá, ẹlòmíì tún á ní kí n má da ara mi láàmú, kí n mú ètò London kí n lọ sùn. Kò sí irọ́ nínú ọ̀rọ̀ ẹnikẹ́ni nínú wọn, ibẹ̀ gan-an ni wàhálà wà. Ìgbésẹ̀ 20 ló wà níwájú ẹni tó mú funfun kó tó fọwọ́ kan ohunkóhun, ìdáhùn 20 ló wà lọ́wọ́ dúdú, tí olúkúlùkù bá sì gbé ẹ̀ẹ̀kan péré, ọ̀nà 400 ni ọpọ́n ti lè gbà rí. Àwọn tó ń to ìbẹ̀rẹ̀ eré jọ pín gbogbo rẹ̀ sábẹ́ lẹ́tà márùn-ún, A dé E, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà 00 dé 99. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 500. Sicilian nìkan gba B20 títí dé B99 níbẹ̀. Ta ló fẹ́ jókòó kọ́ ọ tán?

Ẹ̀gbọ́n kan tí a jọ máa ń ta á ló yí ìbéèrè náà padà fún mi. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ìbẹ̀rẹ̀ wo ni kí n mú?" Wọn ò dá mi lóhùn. Wọ́n to ọpọ́n bí ìgbà tí eré ti dé ìdajì, wọ́n ní kí n jókòó síbẹ̀ kí n máa ta á lọ. Nígbà tó yá, wọ́n yí ọpọ́n po, wọ́n ní kí n gba apá kejì. Wọ́n tún to òmíràn. Wọn ò dárúkọ ìbẹ̀rẹ̀ kankan, wọn ò sì sọ ìgbésẹ̀ tó gbé ọpọ́n débẹ̀. Ìgbà tí a ṣe tán ni wọ́n tó bi mí pé, "Nínú gbogbo ibi tí mo gbé ọ sí yìí, èwo lo ti mọ ohun tó kàn láìjẹ́ pé mo sọ fún ọ?"

Àkọ́kọ́ tí wọ́n tò, ayaba méjèèjì ti kúrò lórí ọpọ́n. Ọba dúdú dúró sí d8 gbangba (lẹ́tà a dé h ni ojú ọ̀nà tó lọ sókè, nọ́ńbà 1 dé 8 ni ìlà tó dábùú, láti ọ̀dọ̀ funfun lọ sọ́dọ̀ dúdú), kò lè wọlé ààbò mọ́, pọ́ọ̀nù rẹ̀ méjì sì to tẹ̀ léra lójú ọ̀nà c. Mo rí i pé dúdú ní bíṣọ́ọ̀bù méjèèjì, mo rí i pé pọ́ọ̀nù funfun pọ̀ ju tirẹ̀ lọ ní apá ọba, ṣùgbọ́n tí wọ́n bá ní kí n sọ ohun tí mo fẹ́ ṣe, ẹnu mi á wúwo. Nínú ìkejì, funfun ti kó ọba rẹ̀ pamọ́ sí apá ayaba, dúdú kó tiẹ̀ sí apá ọba, pọ́ọ̀nù g àti h ń sáré bọ̀, pọ́ọ̀nù b dúdú náà ń sáré lọ. Ẹni tó bá fi ìgbésẹ̀ kan pẹ́ ti kú. Ó dùn ún wò. Kò dùn ún ta, fún èmi o. Ìkẹta: ẹṣin funfun jókòó sí e5, pọ́ọ̀nù d4 àti f4 dì í mú lọ́tùn-ún lósì, bíṣọ́ọ̀bù d3 ń wo h7 bí ẹni ń wo ilẹ̀kùn tí wọn kò tì dáadáa. Ìkẹrin: pọ́ọ̀nù dúdú wà ní c6 àti e6, kò sí ihò kan lára ilé rẹ̀, bíṣọ́ọ̀bù tí ì bá há sẹ́yìn e6 sì ti jáde ṣáájú.

Nígbà tí mo dé ìkẹta àti ìkẹrin, ọwọ́ mi ti ń lọ síbi tó yẹ kó lọ kí orí mi tó ṣàlàyé rẹ̀ tán. Mi ò sọ pé mo borí o. Ẹ̀gbọ́n nà mí níbẹ̀ náà. Ṣùgbọ́n mo mọ ohun tí mò ń wá.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń yan ìbẹ̀rẹ̀ eré láti ẹ̀yìn wá síwájú. Mi ò bèèrè pé ìgbésẹ̀ àkọ́kọ́ wo ló dára. Mo máa ń bèèrè pé ní nǹkan bí ìgbésẹ̀ kejìlá, nígbà tí ohun tí mo há sórí bá ti tán, irú ọpọ́n wo ni mo fẹ́ kó wà níwájú mi. Ibẹ̀ ni màá lo gbogbo àkókò tó kù nínú eré, kí n yáa yan ibi tó bá mi lára mu.

Ẹni tó bá rò pé ọ̀rọ̀ àwa òpè nìkan nìyí, kó lọ wo ohun tí Vladimir Kramnik ṣe fún Garry Kasparov ní ìlú London lọ́dún 2000. Kasparov ni aṣíwájú àgbáyé nínú ṣẹ́ẹ̀sì nígbà náà, kò sì sí ẹni tó lè gbógun ti ọba bíi tiẹ̀ nígbà tí ayaba bá ṣì wà lórí ọpọ́n. Kramnik wá lọ hú ìgbèjà Berlin jáde, ohun àtijọ́ tí kò fi bẹ́ẹ̀ sí ẹni tó ń kà á sí mọ́. e4, e5, ẹṣin sí f3, ẹṣin sí c6, bíṣọ́ọ̀bù sí b5, ẹṣin sí f6 (ibi tí mo bá ti kọ lẹ́tà àti nọ́ńbà nìkan, pọ́ọ̀nù ló lọ síbẹ̀; funfun ló ń ṣáájú, dúdú á tẹ̀ lé e). Funfun kó ọba pamọ́, ẹṣin dúdú jẹ e4. Lẹ́yìn pàṣípààrọ̀ díẹ̀, ní ìgbésẹ̀ kẹjọ, ayaba méjèèjì ti lọ. Ọpọ́n àkọ́kọ́ tí ẹ̀gbọ́n tò fún mi yẹn gan-an ni, ọba dúdú ní d8. Kasparov lu ògiri yẹn títí, kò wó. Nínú eré 15 tí wọ́n ta, kò borí nínú ẹyọ kan. Kramnik fi 8½ sí 6½ gba ipò lọ́wọ́ rẹ̀. Tí a bá ní ká wọn ìgbésẹ̀ sórí òṣùwọ̀n, ó ṣeé ṣe kí a rí èyí tó dáa ju Berlin lọ fún dúdú. Ibi tí Kasparov kò ti ní rí ohun tó fẹ́ràn ṣe ni Kramnik ń wá, ó sì rí i.

Ó ní ohun tí mo fẹ́ràn tẹ́lẹ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́. Najdorf ni, ẹ̀ka kan nínú Sicilian. Ta ni kò ní wù? Bobby Fischer ta á, Kasparov ta á, orúkọ rẹ̀ wá láti ọ̀dọ̀ Miguel Najdorf, ọmọ Poland tó di ará Argentina. Dúdú á ti c5, á ti d6, á fi c jẹ d4, á gbé ẹṣin sí f6, á wá ti a6, ìgbésẹ̀ kékeré kan báyìí tó dà bíi pé kò ní ìtumọ̀. Níbẹ̀ ni funfun á ti yan ọ̀nà: bíṣọ́ọ̀bù sí g5, bíṣọ́ọ̀bù sí e3, bíṣọ́ọ̀bù sí c4, bíṣọ́ọ̀bù sí e2, f3, f4, g3, h3. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní ìwé tirẹ̀, kò sì sí èyí tí èèyàn lè fojú fò. Nínú ti bíṣọ́ọ̀bù g5, ọ̀nà kan wà tí ayaba dúdú ti máa ń rìn dé b2 lọ jẹ pọ́ọ̀nù tí wọ́n sọ lórúkọ pé ó ní májèlé. Fischer fúnra rẹ̀ jẹ ẹ́ ní eré kọkànlá ìdíje aṣíwájú àgbáyé rẹ̀ pẹ̀lú Boris Spassky ní Reykjavik lọ́dún 1972, Spassky sì há ayaba náà mọ́ ibẹ̀.

Mo fẹ́ràn láti máa wo Najdorf títí di òní. Ṣùgbọ́n ọpọ́n kejì tí ẹ̀gbọ́n tò ni òpin rẹ̀ sábà máa ń dà, ibi tí ẹni tó bá fi ìgbésẹ̀ kan pẹ́ ti kú, ìwé rẹ̀ sì ń yí padà lójoojúmọ́. Èmi tí mo níṣẹ́ tí mò ń ṣe, tí mo kàn ń ráyè díẹ̀ lálẹ́, kí ni mo fẹ́ fi ìyẹn ṣe? Àwọn kan máa ń sọ pé tí o ò bá kọ́ ìbẹ̀rẹ̀ tó le, o ò ní dàgbà nínú eré náà. Mi ò gbà. Ohun tí mo rí ni pé ẹni tó ń ta ohun tó yé e máa ń dé ìdajì eré pẹ̀lú àkókò lọ́wọ́, àkókò yẹn ló sì ń fi ronú. Ìrònú ló ń mú èèyàn dàgbà.

Fún funfun, London ni mo mú. Ètò ni lóòótọ́: d4, bíṣọ́ọ̀bù sí f4, e3, c3, ẹṣin sí d2 àti f3, bíṣọ́ọ̀bù kejì sí d3. Ìdíje tó wáyé ní ìlú London lọ́dún 1922 ló fún un lórúkọ. Ọ̀pọ̀ ń fojú ọmọdé wò ó, wọ́n ń pè é ní eré ọ̀lẹ. Ding Liren fi í borí Ian Nepomniachtchi ní eré kẹfà ìdíje aṣíwájú àgbáyé 2023 ní Astana. Ẹni tó bá ń pè é ní eré ọ̀lẹ, kó lọ wo bó ṣe hun àwọ̀n yí ọba dúdú ká ní ìparí eré yẹn. Pẹ̀lẹ́ lákọ, ó lábo.

Àmọ́ ọ̀rọ̀ kan wà tí àwa tó ń ta London kì í fẹ́ gbọ́: kì í ṣe ìgbésẹ̀ méje tí èèyàn kàn lè gbé láìwo ohun tí dúdú ń ṣe. Ẹ to ọpọ́n yín kí ẹ bá mi wò ó. d4, d5. Bíṣọ́ọ̀bù sí f4, ẹṣin dúdú sí f6. e3, c5. c3, ẹṣin dúdú kejì sí c6. Ìgbésẹ̀ karùn-ún ló kàn. Ẹṣin wo ni kí funfun gbé, ti g1 sí f3 ni àbí ti b1 sí d2? Tí èèyàn bá ń wo àwòrán ètò nìkan, á ní kò sí ìyàtọ̀, àwọn méjèèjì á ṣáà jáde.

Ìyàtọ̀ wà. Nígbà tí bíṣọ́ọ̀bù ti kúrò ní c1, pọ́ọ̀nù b2 kò ní olùṣọ́ mọ́. Dúdú mọ̀, á gbé ayaba sí b6. Funfun á fi ayaba sí b3 dá a lóhùn, dúdú á ti c4 lù ú, ayaba funfun á padà sí c2. (Ẹni tó bá fẹ́ lè pààrọ̀ ayaba níbẹ̀, ṣùgbọ́n pọ́ọ̀nù a dúdú á fi jẹ ẹ́ padà, ojú ọ̀nà a á sì ṣí fún rúùkù rẹ̀.) Wàyí o, tó bá jẹ́ ẹṣin f3 ni funfun kọ́kọ́ gbé, tí ti b1 ṣì wà nílé, dúdú á gbé bíṣọ́ọ̀bù sí f5, á gbé e síwájú ayaba bí ẹni ń tọrẹ. Jẹ ẹ́, kí o rí i. Ayaba dúdú á jẹ b2, rúùkù a1 á sì há, torí ẹṣin ilé rẹ̀ ti dí i lọ́nà. Kò sí ohun tí funfun lè ṣe ju kó má jẹ ọrẹ náà, kó gbé ayaba sá sí c1. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ ẹṣin d2 ló kọ́kọ́ jáde, rúùkù náà rí ọ̀nà, ó lè rọra yọ́ lọ sí d1, bíṣọ́ọ̀bù tí dúdú fi tọrẹ á sì di tiwa. Ìgbésẹ̀ kan náà, ètò kan náà, èyí tó ṣáájú ló yàtọ̀.

Ohun tí mo ní lọ́kàn nìyẹn tí mo bá sọ pé mo mọ London. Kì í ṣe àwòrán ni mo mọ̀, mo mọ ìdí tí d2 fi ń ṣáájú f3. Mo tún mọ ìdí tí mi ò fi ń bẹ̀rù nígbà tí dúdú bá gbé bíṣọ́ọ̀bù sí d6 pé ká pààrọ̀. Màá fà sẹ́yìn sí g3, màá sì máa bẹ̀ ẹ́ nínú ọkàn mi pé kó jẹ ẹ́, nítorí pọ́ọ̀nù h mi ló máa jẹ ẹ́ padà, ojú ọ̀nà h á sì ṣí fún rúùkù mi tààrà sí ilé ọba rẹ̀. Tí kò bá jẹ ẹ́, ẹṣin mi á lọ sí e5, f4 á tẹ̀ lé e, ọpọ́n kẹta tí ẹ̀gbọ́n tò nìyẹn.

Fún dúdú, tí funfun bá ti e4, Caro-Kann ni. Horatio Caro àti Marcus Kann ni wọ́n fi orúkọ wọn sọ ọ́, wọ́n kọ nípa rẹ̀ lọ́dún 1886. Capablanca, Botvinnik, Petrosian àti Karpov, tí wọ́n ti jẹ́ aṣíwájú àgbáyé rí, gbogbo wọn ló gbà á lò. Ọ̀rọ̀ bíṣọ́ọ̀bù c8 ni gbogbo rẹ̀. Nínú ìgbèjà Faransé, dúdú á kọ́kọ́ ti e6 kó tó ti d5, bíṣọ́ọ̀bù náà á sì máa jókòó sẹ́yìn pọ́ọ̀nù rẹ̀ bóyá títí eré á fi parí. Nínú Caro-Kann, c6 ló kọ́kọ́ lọ. Bíṣọ́ọ̀bù á jáde sí f5, ìgbà yẹn la ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti e6 tì í lẹ́yìn, ọpọ́n kẹrin tí ẹ̀gbọ́n tò nìyẹn. Ẹni tó bá ti fìgbà kan ta Faransé á mọ bí ìyẹn ṣe tuni lára tó.

Kí ẹnikẹ́ni má sọ fún yín pé ìgbèjà tó le bí àpáta kò ní ihò. Ihò kan wà níbẹ̀ tí mo máa ń fi han gbogbo ẹni tó bá ní òun fẹ́ kọ́ ọ. e4, c6. d4, d5. Ẹṣin sí c3, dúdú jẹ e4, ẹṣin jẹ ẹ́ padà. Dúdú gbé ẹṣin sí d7, ó fẹ́ gbé ìkejì sí f6 kí méjèèjì lè gbe ara wọn lẹ́yìn. Ọ̀nà àwọn àgbà ni, Karpov fẹ́ràn rẹ̀. Funfun wá gbé ayaba sí e2. Ó dà bí ìgbésẹ̀ ẹni tí kò mọ ohun tó ń ṣe, ó dí bíṣọ́ọ̀bù ara rẹ̀ lọ́nà. Dúdú gbé ẹṣin f6 rẹ̀ bó ti pinnu. Ẹṣin funfun fò sí d6, ọba ti kú! Ní ìgbésẹ̀ kẹfà. Pọ́ọ̀nù e7 ń wo ẹṣin náà, kò lè jẹ ẹ́, torí ayaba e2 ti na ojú sí ọba lójú ọ̀nà e. Ọba kò sì ní ibi tó máa sá sí, àwọn ọmọ tirẹ̀ ló dí gbogbo ilé tó yí i ká. Mo ti rí i lójú ara mi tí ẹni tó mọ Caro-Kann dé ìgbésẹ̀ kẹẹ̀ẹ́dógún kó sí i, torí ọwọ́ rẹ̀ ń sáré ṣáájú ojú rẹ̀.

Àwọn àgbà ọ̀jẹ̀ pàápàá kò yọ sílẹ̀. Ní May 11, 1997, ní New York, Kasparov mú dúdú níwájú kọ̀ǹpútà Deep Blue, eré kẹfà, eré tó máa parí ìdíje. Ó ta Caro-Kann yìí kan náà, ẹṣin d7 náà. Kọ̀ǹpútà gbé ẹṣin e4 sí g5. Nígbà tó di ìgbésẹ̀ keje, Kasparov ti h6 kó tó gbé bíṣọ́ọ̀bù sí d6, bẹ́ẹ̀ bíṣọ́ọ̀bù ló yẹ kó ṣáájú. Ẹṣin funfun kò sá, ó já wọ e6, ó fi ara rẹ̀ rúbọ, ọba dúdú sì há sáàárín. Ní ìgbésẹ̀ 19, Kasparov gbà pé ó tán. Mo máa ń rántí eré yẹn tí ẹnikẹ́ni bá ní òun ti há ìgbésẹ̀ sórí.

Bí mo ṣe ń kọ́ ọ gan-an: màá wá eré àwọn àgbà tó dé ọpọ́n tí mo fẹ́, màá fo ìgbésẹ̀ mọ́kànlá àkọ́kọ́, màá máa wo bí wọ́n ṣe ń ta á láti kejìlá lọ. Mi ò wo ìbẹ̀rẹ̀ rárá ní àkókò yìí. Màá yára wò ó, ọ̀kan tẹ̀ lé òmíràn, títí màá fi máa rí ohun kan náà tó ń padà wá: ibi tí rúùkù ń lọ, pọ́ọ̀nù tí wọ́n máa ń tì nígbẹ̀yìn, ọmọ tí wọ́n máa ń fẹ́ pààrọ̀. Eré Karpov ló la ojú mi sí Caro-Kann ju ìwé ìbẹ̀rẹ̀ eyíkéyìí lọ. Nígbà tí ojú mi bá ti mọ ibẹ̀, ni màá tó padà sẹ́yìn lọ wo ìgbésẹ̀ tó ń gbéni débẹ̀, màá sì kọ ọ́ sínú ìwé pẹlẹbẹ kan. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan, gbólóhùn kan, ní Yorùbá, tó sọ ìdí. "Kí rúùkù lè rọ́nà." "Kí bíṣọ́ọ̀bù má há." Ìgbésẹ̀ tí mi ò bá rí ìdí kọ sí, mi ò tíì mọ̀ ọ́n, bó ti wù kí n ti ka iye rẹ̀ tó. Àìgbọ́fá là ń wòkè, ifá kan ò sí ní párá. Ẹ wo ojú ẹni tó há ìgbésẹ̀ sórí nígbà tí alátakò rẹ̀ bá gbé ohun tí kò sí nínú ìwé, òkè àjà ló máa ń wò.

Apá tí ó yá jù nínú kíkọ́ ọ ni wíwá ohun tí àwọn èèyàn ń ta sí mi ní tòótọ́. Lichess, ìkànnì tí a ti ń ta ṣẹ́ẹ̀sì lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ní àkójọ eré tó jẹ́ ọ̀fẹ́, o lè yàn bóyá eré àwọn àgbà ọ̀jẹ̀ ni o fẹ́ rí tàbí ti àwọn tó wà ní ìpele bíi tìrẹ. Ti àwọn àgbà ni gbogbo èèyàn máa ń lọ wò. Ẹ lọ wo ìkejì. Ìwé Caro-Kann máa ń lo ojú ewé rẹpẹtẹ lórí ọ̀nà tí funfun ti ń ti pọ́ọ̀nù h dé h5 lé bíṣọ́ọ̀bù lọ sí h7. Lọ́wọ́ àwọn tí mò ń bá ta, e5 ní ìgbésẹ̀ kẹta ló wọ́pọ̀, tàbí kí wọ́n kàn jẹ d5 kó tán. Nítorí náà, e5 ni mo kọ́ jù, mo sì mọ̀ pé tí funfun bá tẹ̀ lé bíṣọ́ọ̀bù f5 mi pẹ̀lú h4, ọ̀nà tí Mikhail Tal ta sí Botvinnik lọ́dún 1961, mi ò gbọ́dọ̀ yára ti e6. Tí mo bá tì í, g4 á lé bíṣọ́ọ̀bù sí e4, f3 á lé e sí g6, h5 á wá tì í pa síbẹ̀. h5 tèmi ló kọ́kọ́ ń lọ. Ìgbésẹ̀ mélòó nìyẹn? Kò tó nǹkan, ó sì gbà mí lọ́wọ́ wàhálà ju orí ìwé kan odindi lọ.

Lẹ́yìn eré, mi kì í sáré ṣí Stockfish, ẹ̀rọ tó ń yẹ eré wò. Màá kọ́kọ́ kọ ẹni tó kọ́kọ́ kúrò lójú ọ̀nà, èmi ni àbí òun, ohun tí mo rò nígbà náà, àti bóyá ọpọ́n tí mo fẹ́ ni mo bá ara mi. Ìgbà yẹn ni ẹ̀rọ á tó sọ tirẹ̀. Tó bá ní ìgbésẹ̀ mi fi ìdá mẹ́ta nínú mẹ́wàá pọ́ọ̀nù kéré sí ti òun, mi ò ní yí ìbẹ̀rẹ̀ mi padà nítorí ìyẹn, torí kò sí ẹni tí mò ń bá ta tó lè rí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́wàá pọ́ọ̀nù gbà lọ́wọ́ mi. Tó bá ní mo sọ ẹṣin nù, ìyẹn la ó sọ̀rọ̀ lé lórí. Eré kíákíá ni mo fi ń mọ ohun tó máa ń wá sí mi lemọ́lemọ́. Eré tó gùn ni mo fi ń mọ̀ bóyá ó yé mi. Tí mo bá ta eré kíákíá nìkan, ọwọ́ mi á mọ ètò, orí mi á gbàgbé ìdí rẹ̀.

Àwọn kan bi mí pé ṣé mi ò ní yí padà mọ́ láé ni. Kí ló dé? Fischer ta e4 fún ọ̀pọ̀ ọdún, kò fi bẹ́ẹ̀ ta nǹkan míì, kó tó di pé ó ti c4 ní eré kẹfà ní Reykjavik, tí eré sì di ìbẹ̀rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Gambit ti Ayaba, ohun tí ẹnikẹ́ni kò retí lọ́dọ̀ rẹ̀. Ó ta á débi pé Spassky, tó pàdánù eré náà, pàtẹ́wọ́ fún un. Kò sí ẹni tó ní kó má yí padà; ó kàn ti mọ ilé tirẹ̀ dójú àmì ná.

Èmi náà, ibì kan wà nínú London tí mò ń tún ṣe báyìí. Tí dúdú bá kọ̀ tí kò ti d5, tó ti g6, tó gbé bíṣọ́ọ̀bù sí g7, bíṣọ́ọ̀bù d3 mi kò rí h7 mọ́, g6 ti dí i, ẹṣin mi kò sì rọrùn ní e5 mọ́ torí d6 máa ń lé e. Ọpọ́n kẹta kò sí níbẹ̀. Ohun tí mò ń dán wò ni kí n gbé ẹṣin b1 sí c3 ní ìgbésẹ̀ kẹta, kí n fi pọ́ọ̀nù c mi sílẹ̀, kí n máa lépa e4. Tí dúdú bá ti d5 dí i, kò burú, màá ti e3, bíṣọ́ọ̀bù g7 tirẹ̀ á sì máa bá pọ́ọ̀nù d4 mi jà. Ṣùgbọ́n tó bá ti d6, tó jẹ́ kí n ti e4 lọ, a ti bọ́ sínú Pirc nìyẹn, ìbẹ̀rẹ̀ tí mi ò yàn. Mo ti to ọpọ́n náà sílẹ̀, mo ti ta á lápá funfun, mo ti yí i po ta á lápá dúdú. Títí di ìsinsìnyí, apá dúdú ni ọwọ́ mi ti mọ̀ ọ́n ta jù.